Kí owó ìrànwọ́ ìjọba tó dé: ìmúra ẹlẹ́ran oníwàrà ní Òṣogbo

Ìgbàkígbà tí rédíò bá ti sọ pé ìjọba fẹ́ ran àwọn ẹlẹ́ran lọ́wọ́, bẹ́ǹṣì ọ̀dẹ̀dẹ̀ mi ní ọ̀nà Kélebè kì í gba èrò lọ́jọ́ kejì. "Ẹ kú ilé o, Ìyá Tíṣà. A ní kí ẹ bá wa kọ lẹ́tà ni." Kí n tó mú bírò, ìbéèrè kan ni mo máa ń bi wọ́n: àwọn màálù yín tó ní wàrà lọ́mú báyìí, lítà mélòó ni ẹ rí fún lára wọn lánàá? Ẹnì kan á ní ó tó kòròbà kan. Èkejì á ní ìyàwó òun ló mọ̀ ọ́n. Ẹ̀kẹta á kàn máa wo ilẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ọ̀rọ̀ lítà yẹn gan-an ni owó wà nínú rẹ̀.

Ọdún 35 ni mo fi ṣe tíṣà aláàkọ́bẹ̀rẹ̀ kí n tó fẹ̀yìn tì ní 2016. Owó tí mo kó jọ lẹ́gbẹ́ alájẹṣẹ́kù àwa olùkọ́ ni mo fi ra abo màálù méjì lọ́wọ́ Bàbá Gáà kan tó ti mọ bàbá mi láti ìgbà èwe. Wọ́n ti di mọ́kànlá báyìí, mẹ́rin nínú wọn là ń fún lọ́wọ́. Mo ti rí ìrànwọ́ ìjọba gbà lẹ́ẹ̀mẹta, mo sì ti pàdánù rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Èyí tí mo pàdánù yẹn ló kọ́ mi lọ́gbọ́n jù, mo sì máa dé orí rẹ̀. Wàrà tí mo ń sọ nínú ọ̀rọ̀ yìí, èyí tí a fún lọ́mú màálù ni, kì í ṣe èyí tí wọ́n fi ewé bòmubòmu dì tí wọ́n ń kiri ní Ìgbọ̀nà.

Owó wo gan-an ni?

Ibí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà. Bí wọ́n bá gbọ́ owó ìrànwọ́, ohun tó ń wá sí wọn lọ́kàn ni pé ìjọba á wá ka màálù, á sì máa fi owó ránṣẹ́. Ohun tó jọ bẹ́ẹ̀ wà ní Amẹ́ríkà. Àbúrò ọkọ mi tó ń gbé ní Wisconsin ló fara balẹ̀ ṣàlàyé rẹ̀ fún mi. Dairy Margin Coverage ni wọ́n ń pe ètò náà. Ẹlẹ́ran á lọ forúkọ sílẹ̀ ní ọ́fíìsì Farm Service Agency, á san 100 dọ́là lọ́dún, á wá yan iye tó fẹ́ kó máa ṣẹ́kù fún òun lórí 100 páùn wàrà, láti dọ́là 4 dé dọ́là 9.50. Ẹni tó bá yan iye tó ju dọ́là 4 lọ á tún san owó díẹ̀ sí i. Bí owó wàrà bá já wálẹ̀, tàbí tí oúnjẹ màálù gbówó lórí, débi pé ohun tó ṣẹ́kù láàárín méjèèjì kò tó iye tó yàn, ìjọba á san ohun tó dín. Ó dùn mọ́ mi nínú nígbà tí mo gbọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo bi í pé báwo ni ìjọba ṣe ń mọ iye wàrà tí oko kan ní, ó ní àkọsílẹ̀ wàrà tí oko náà ti fún sẹ́yìn ni wọ́n ń lò.

Níbí, ìjọba kì í san owó fún wa lórí lítà kọ̀ọ̀kan. Ìrànwọ́ tiwa ń gba ibòmíràn wọlé. Ó lè jẹ́ ìdajì owó ìnṣọ́ránsì màálù tí ìjọba ń bá yín san. Ó lè jẹ́ apá kan èlé ẹ̀yáwó tí wọ́n dá padà fún yín. Ó lè jẹ́ ohun èlò: oúnjẹ ẹran, oògùn, agolo wàrà, ẹ̀rọ tó ń gé koríko. Ètò Fadama fún àwọn àgbẹ̀, tó wà nínú ètò ìrànwọ́ NG-CARES, èyí tí Báǹkì Àgbáyé ń gbé owó lé lórí fún àwọn ìpínlẹ̀, ohun èlò ló sábà máa ń gbé fún àgbẹ̀. Ẹni tó bá ń retí àlááàtì nìkan lè kọ ẹ̀rọ gígé koríko sílẹ̀ láìmọ̀ pé owó ni wọ́n gbé wá fún òun yẹn.

Ọ̀nà kan tún wà tí a kì í kà sí ìrànwọ́, bẹ́ẹ̀ òfin ìjọba ló bí i. Ní oṣù kejì ọdún 2020, Báǹkì Àpapọ̀ CBN ní ilé iṣẹ́ mẹ́fà péré ni òun á máa jẹ́ kó rí dọ́là fi kó wàrà wọlé láti òkèèrè, nítorí pé àwọn yẹn ti ń ná owó sórí wàrà abẹ́lé. FrieslandCampina WAMCO, àwọn tó ń ṣe Peak, wà lára wọn, wọ́n sì ti ń ra wàrà lọ́wọ́ àwọn Fúlàní apá Ìsẹ́yìn ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ṣáájú ìgbà náà. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ rí dì mú níbẹ̀ ni pé ẹni tó bá ń ta wàrà fún ilé iṣẹ́ ń gba ìwé lójoojúmọ́ tó bá gbé agolo lọ. Àwa tí à ń tà á fún àwọn ìyá oníwàrà àti onífúrá kò ní irú ìwé bẹ́ẹ̀. Àfi kí a ṣe tiwa.

Ẹ tún mọ̀ pé láti oṣù keje ọdún 2024 tí Ààrẹ Tinubu ti dá iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ fún ẹran ọ̀sìn sílẹ̀, ọ̀rọ̀ màálù ti ní ojúlé tirẹ̀ l'Ábújá. Ẹ má ṣe kọ lẹ́tà màálù sí iléeṣẹ́ ọ̀gbìn mọ́, kó má baà sùn sórí tábìlì ẹni tí kì í ṣe iṣẹ́ rẹ̀.

Rẹ́jísítà màálù

Rẹ́jísítà ni mo ń lò, irú èyí tí mo fi ń pe orúkọ ọmọ kíláàsì fún ọdún 35. Màálù kọ̀ọ̀kan ní ìlà tirẹ̀. Mo kọ orúkọ rẹ̀ síbẹ̀, nọ́ńbà etí rẹ̀, ọjọ́ tó bímọ gbẹ̀yìn, ọjọ́ tó gba abẹ́rẹ́. Lẹ́yìn náà ni àárọ̀ àti ìrọ̀lẹ́, lójoojúmọ́, lítà mélòó. Bí màálù kan bá ń ṣàìsàn, mo kọ ọ́. Bí òjò kò bá jẹ́ kí ọmọ tó ń fún wàrà débẹ̀, mo kọ ìyẹn náà. Ẹni tó bá ń ka ìwé yín mọ̀ pé ayé kì í lọ geerege lójoojúmọ́. Ìwé tí gbogbo ìlà rẹ̀ bá dọ́gba, alẹ́ ọjọ́ kan ni wọ́n jókòó kọ ọ́, ojú akọ̀wé sì ti rí irú rẹ̀ rí.

Báwo la ṣe ń wọ̀n ọ́n? Ẹ má lọ náwó. Ẹ wá ìgò omi oníke tí wọ́n kọ lítà kan àbọ̀ sí lára. Ẹ rọ omi kún un, ẹ dà á sínú kòròbà tí ẹ fi ń fún wàrà, ẹ fi ọ̀dà fa ìlà síbi tí omi náà dúró. Ẹ tún rọ ìkejì, ẹ fa ìlà, títí kòròbà á fi kún. Ó ti di òṣùwọ̀n nìyẹn. Tí ẹ bá fún wàrà tán, ẹ dúró kí ìfófó rẹ̀ sùn kí ẹ tó wo ìlà, torí ìfófó lè fi ìdajì lítà tàn yín jẹ. Ọmọ màálù ni kó kọ́kọ́ mu o. Èyí tó bá ṣẹ́kù ni ẹ óò kọ.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má purọ́ sínú rẹ̀. Màálù funfun tiwa yìí, lítà kan sí méjì ló sábà máa ń fún èèyàn lójúmọ́ tí ọmọ rẹ̀ bá ti mu tirẹ̀ tán. Ọkùnrin kan láti ọ̀nà Ìlobùú kọ mẹ́wàá mẹ́wàá sínú fọ́ọ̀mù, ó rò pé bó bá ṣe pọ̀ tó ni owó á ṣe pọ̀ tó. Dókítà ẹran tó wá yẹ oko wò kò tilẹ̀ dé ibi tí màálù wà kó tó pa ìwé dé. Ó dùn mí, torí màálù ọkùnrin náà dára ju tèmi lọ.

Apá kejì rẹ́jísítà ni ìnáwó. Èèpo gbágùúdá lọ́wọ́ àwọn tó ń dín gàrí, èérí àgbàdo lọ́wọ́ àwọn ológì, iyọ̀ lílá, oògùn eégbọn, owó ọmọ tó ń da ẹran. Àwọn ìyá onígàrí kì í fúnni ní rìsíìtì, torí náà mo ní ìwé kékeré kan tí mo ń mú lọ. Mo kọ ọjọ́ náà, iye àpò, iye owó, ẹni tó tà á fún mi á sì fọwọ́ sí i tàbí kó tẹ ìka, á wá fi nọ́ńbà fóònù rẹ̀ síbẹ̀. Lákọ̀ọ́kọ́ wọ́n rò pé mo fẹ́ fi wọ́n sùn lọ́dọ̀ àwọn agbowó-orí. Nígbà tí mo ṣàlàyé tán, ọ̀kan nínú wọn ní kí n wá kọ́ òun náà bí wọ́n ṣe ń ṣe é.

Ní ìparí oṣù, ẹ kọ owó wàrà tí ẹ tà sí òkè, ẹ kọ owó oúnjẹ màálù sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, ẹ yọ ọ́. Ìṣirò tí ìjọba Amẹ́ríkà ń ṣe fún tiwọn náà nìyẹn, ẹ̀yin ni ẹ ń ṣe é fúnra yín báyìí. Ní ẹ̀ẹ̀rùn kan, wàrà màálù mẹ́rin mi já láti lítà mẹ́fà lójúmọ́ sí mẹ́ta, èèpo gbágùúdá sì wọ́n gan-an nítorí gbogbo ẹlẹ́ran ló ń wá a. Mo ṣí ojú ìwé oṣù náà han àwọn tó wá yẹ oko wò. Mi ò sunkún, mi ò bẹ̀bẹ̀. Ẹ̀rọ gígé koríko ni mo béèrè, kí n lè gé èèsún pamọ́ nígbà òjò de ẹ̀ẹ̀rùn. Wọ́n rí ìdí tí mo fi béèrè rẹ̀ lójú ìwé, wọ́n sì kọ orúkọ mi.

Orúkọ yín gbọ́dọ̀ jẹ́ ọ̀kan náà

Ibí ni mo ti pàdánù. Ní 2021, orúkọ mi jáde nínú àwọn tó máa gba owó. Mo dúró títí, àlááàtì kò wọlé. Nígbà tí mo dé báǹkì tí mo ń lò, ọmọkùnrin tó wà lórí àga wo kọ̀ǹpútà, ó ní owó náà wá lóòótọ́, ó sì ti padà. Orúkọ bàbá mi ló wà lórí BVN, torí pé mo ti ṣí àkáǹtì náà kí n tó lọ́kọ. Orúkọ ọkọ mi ló wà lórí NIN. Orúkọ méjèèjì ló wà nínú fọ́ọ̀mù, mo sì fi tèyìn ṣíwájú. Ènìyàn kan ṣoṣo ni mo jẹ́, ṣùgbọ́n lójú kọ̀ǹpútà, a pé mẹ́ta. Ìwé ìbúra ní kóòtù, ìkéde nínú ìwé ìròyìn, lọ-bọ̀ sí báǹkì, ọ̀sẹ̀ méje ló gbà mí. Kí n tó parí rẹ̀, wọ́n ti pa ìwé dé. Mo sunkún lọ́jọ́ náà, torí owó ilé màálù ni mo ti kà á sí, òjò sì ti ń bọ̀.

Ẹ má dúró de ìkéde kí ẹ tó ṣe èyí. Ẹ fi fóònù tí ẹ fi forúkọ sílẹ̀ tẹ *565*0# fún BVN, kí ẹ tẹ *346# fún NIN. Nọ́ńbà 11 ni méjèèjì, ẹ kọ wọ́n sí ibi tí ojú ẹlòmíràn kò ní tó. Lẹ́yìn náà, ẹ lọ sí báǹkì, ẹ ní kí wọ́n ka orúkọ tó wà lórí BVN yín sí yín létí, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. Risikat àti Riskat kì í ṣe ọ̀kan náà lójú ẹ̀rọ. Ẹ béèrè ọjọ́ ìbí náà, pàápàá ẹ̀yin àgbà tí akọ̀wé kan kàn kọ ọjọ́ kìíní oṣù kìíní fún nígbà tí ẹ sọ pé ẹ kò mọ ọjọ́ tí wọ́n bí yín. Bí ó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ló wà lórí ọ̀kan, bẹ́ẹ̀ náà ni kó wà lórí gbogbo wọn.

Ẹ̀yin obìnrin, mo ń bẹ̀ yín, ẹ tètè ṣe èyí. Àwa ni orúkọ wa ń yí kiri jù.

Ẹgbẹ́

Ẹnì kan ṣoṣo tó ní màálù mẹ́ta kò lè dá kan ilẹ̀kùn ìjọba kó ṣí. Òfin ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ní ó kéré tán kí ènìyàn mẹ́wàá para pọ̀. Àwa pé mẹ́tàlélógún. Ẹ lọ sí ẹ̀ka tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ní Sẹkitéríàtì Abẹ́rẹ́, ẹ béèrè ohun tí wọ́n ń fẹ́: òfin ẹgbẹ́ tí ẹ kọ sílẹ̀, orúkọ àwọn olóyè, àkọsílẹ̀ ìpàdé, àkáǹtì ẹgbẹ́. Ẹni mẹ́ta ni kó máa fọwọ́ sí owó, kì í ṣe ẹnì kan. Ẹ tún forúkọ ẹgbẹ́ sílẹ̀ ní ẹ̀ka ọ̀gbìn ìjọba ìbílẹ̀ yín; tiwa ní Ọlọ́rundá, Ìgbọ̀nà la ti ṣe é. Bákan náà, ẹ jẹ́ kí OSSADEP, iléeṣẹ́ ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun tó ń rí sí ìdàgbàsókè iṣẹ́ àgbẹ̀, tí olú ilé iṣẹ́ rẹ̀ wà ní Ìwó, mọ̀ yín, torí àwọn òṣìṣẹ́ wọn ló ń wọ oko, ẹnu wọn sì ni ìjọba ti ń gbọ́ ìròyìn àgbẹ̀.

Ẹ má yọ àwọn ará gáà sílẹ̀. Èmi kò fara mọ́ kí ọmọ Yorùbá mẹ́wàá tí kò ní màálù kan kó ara wọn jọ sábẹ́ orúkọ oníwàrà, nígbà tí àwọn tó ń jí fún wàrà ní aago mẹ́fà àárọ̀ wà lẹ́yìn odi. Nínú ẹgbẹ́ wa, ìyàwó Bàbá Gáà ni akápò. Kò kàwé, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó lè jẹ kọ́bọ̀ ẹgbẹ́ lójú rẹ̀.

Ìdajì tí ìjọba ń bá yín san

Èyí ni ìrànwọ́ tó wà nílẹ̀ tí ẹlẹ́ran kì í sábà béèrè. Ìdójútòfò ni, èyí tí à ń pè ní ìnṣọ́ránsì; ilé iṣẹ́ ìdójútòfò ọ̀gbìn ti ìjọba àpapọ̀, NAIC, ló ń ṣe é. Fún àwọn irè oko àti ẹran tí ètò náà gbà wọlé, ìdajì owó ìdójútòfò ni àgbẹ̀ ń san. Ní ti ìdajì kejì, ìjọba àpapọ̀ ló ń san 37.5 nínú 100 gbogbo owó náà, ìpínlẹ̀ á san 12.5. Ká ní 20,000 náírà ni owó ìdójútòfò màálù yín lọ́dún kan, ẹ̀yin á san 10,000, ìjọba àpapọ̀ á san 7,500, ìpínlẹ̀ á san 2,500. Ìbéèrè tí ẹ gbọ́dọ̀ bi wọ́n kí ẹ tó san kọ́bọ̀ ni: ṣé màálù tèmi yìí wà lára èyí tí ìjọba ń bá wa san ìdajì rẹ̀? Ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ ìdáhùn sílẹ̀ fún yín.

Kí wọ́n tó gbà yín wọlé, dókítà ẹran á yẹ màálù wò, nọ́ńbà á sì wà ní etí kọ̀ọ̀kan. Bí ọ̀kan bá kú, ẹ má tà á fún alápatà, ẹ má sì tíì sin ín. Ẹ pè wọ́n lọ́jọ́ náà gan-an, ẹ ya àwòrán òkú rẹ̀ kí nọ́ńbà etí hàn, kí dókítà ẹran wá yẹ̀ ẹ́ wò, kó sì kọ ohun tó pa á. Nígbà tí tèmi kú ní 2022, alápatà ti dé kí n tó rí fóònù. Owó ọwọ́ rẹ̀ wù mí, mi ò gbọdọ̀ purọ́. Mo ní kó máa lọ. Owó ìdójútòfò pẹ́ kó tó dé, ṣùgbọ́n ó dé, ó sì ju èyí tí alápatà gbé wá lọ.

Ẹ̀yáwó kì í ṣe ẹ̀bùn

Láti 1977 ni òfin ti dá owó ìdúró fún ẹ̀yáwó àgbẹ̀ sílẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní ACGSF, CBN ló sì ń bójú tó o. Bí àgbẹ̀ kò bá rí owó san, ètò náà á dúró fún báǹkì lórí 75 nínú 100 ohun tó kù nílẹ̀. Ìdí nìyẹn tí báǹkì fi lè gbọ́ ọ̀rọ̀ yín. Ṣùgbọ́n ohun tó kan àpò yín ni apá tí wọ́n fi kún un ní 2003, Interest Drawback Programme: ẹni tó bá san ẹ̀yáwó rẹ̀ lásìkò, 40 nínú 100 èlé tó san ni wọ́n ní kí wọ́n dá padà fún un. Bí èlé yín bá jẹ́ 50,000 náírà, 20,000 ló ń padà bọ̀. Ẹ bi báǹkì lọ́jọ́ tí ẹ ń fọwọ́ síwèé bóyá ẹ̀yáwó yín wà lábẹ́ ACGSF, àti bí ẹ ó ṣe béèrè èlé náà padà. Bí ẹ kò bá béèrè, ẹnì kankan lè má rántí yín.

Ọ̀pọ̀ ló gba ẹ̀yáwó NIRSAL Microfinance Bank tí wọ́n sì ń ná an bí ẹni ná owó àríyá. Láti oṣù kẹjọ 2020, CBN ti fún báǹkì láyè láti fa gbèsè yọ nínú àkáǹtì èyíkéyìí tí BVN yín bá wà lórí rẹ̀. Ará ilé mi kan rí i pé owó ilé ìwé ọmọ rẹ̀ ti lọ ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé. Ẹ ka ìwé náà dópin. Bí ẹ bá rí "loan" níbikíbi lórí rẹ̀, ẹ̀yáwó ni, bó ti wù kí ẹni tó gbé e wá rẹ́rìn-ín tó.

Ẹ má sì ra fọ́ọ̀mù lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Obìnrin kan nínú ẹgbẹ́ wa ti san 15,000 náírà fún ẹnì kan ní Ọláìyá nítorí fọ́ọ̀mù Anchor Borrowers, ètò ẹ̀yáwó àgbẹ̀ tí CBN ń ṣe tẹ́lẹ̀, bẹ́ẹ̀ CBN ti kéde ní 2023 pé òun ń kúrò nídìí irú ètò tí òun fúnra rẹ̀ ń pín owó fún bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá gbọ́ nípa ètò kan, ẹ wọ mọ́tò lọ sí Abẹ́rẹ́, ẹ béèrè lẹ́nu òṣìṣẹ́ tó jókòó sí ọ́fíìsì. Nọ́ńbà tí báǹkì bá fi ránṣẹ́ sórí fóònù yín, ẹ má kà á fún ẹ̀dá kan.

Lẹ́yìn tó bá dé

Ọjọ́ tí wọ́n gbé ẹ̀rọ gígé koríko wá, kí n tó gbọ́ ariwo rẹ̀, mo ya àwòrán rẹ̀ pẹ̀lú nọ́ńbà tó wà lára rẹ̀. Mo kọ ọ́ sí rẹ́jísítà: ọjọ́ náà, ẹni tó gbé e wá, ohun tó wà nínú àpótí. Àwa méjì fọwọ́ sí i. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń kọ iye ìdì èèsún tí a gé pamọ́ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ní ẹ̀ẹ̀rùn tó tẹ̀lé e, lítà márùn-ún là ń rí lójúmọ́ lára màálù mẹ́rin, dípò mẹ́ta.

Oṣù mẹ́fà lẹ́yìn náà, ọkọ̀ ìjọba dúró níwájú ilé láìsọ tẹ́lẹ̀. Wọ́n fẹ́ mọ̀ bóyá mo ti ta ẹ̀rọ náà. Mo mú wọn lọ sẹ́yìn ilé kí wọ́n lọ fọwọ́ kàn án, mo sì gbé rẹ́jísítà fún wọn. Ọ̀gá wọn jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó ka oṣù mẹ́fà náà ní ojú ìwé kọ̀ọ̀kan, ó wá bi mí bóyá òun lè ya àwòrán rẹ̀ kí òun fi han àwọn tó kù. Lórí bẹ́ǹṣì yẹn náà ló ti kọ orúkọ mi sí ti agolo wàrà.